Bí Linux Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Windows

Ní ọdún 2001, Steve Ballmer, ọ̀gá àgbà Microsoft nígbà náà, pe Linux ní àrùn jẹjẹrẹ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, Microsoft yìí kan náà kéde ní San Francisco pé àwọn àti Canonical, ilé-iṣẹ́ tó ni Ubuntu, ti jọ gbé irinṣẹ́ Linux wọ inú Windows 10. Ọ̀ranyàn ló dé. Linux ló wà lórí ọ̀pọ̀ sáfà tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró, ẹni tó bá sì ń kọ ètò fún irú sáfà bẹ́ẹ̀ fẹ́ dán an wò pẹ̀lú irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Nígbà tí Windows kò ní in, àwọn kan ra Mac, àwọn mìíràn fi Windows àti Linux sórí kọ̀ǹpútà kan, wọ́n ń pa á, wọ́n ń tún un tàn, kí wọ́n tó lè bọ́ sí apá kejì.

Ètò kọ̀ǹpútà kì í dá nǹkan ṣe. Bó bá fẹ́ ṣí fáìlì, tàbí tó ń wá ààyè nínú mẹ́mọ́rì, kernel tó ń darí ẹ̀rọ náà ló gbọ́dọ̀ bẹ̀. Ọ̀nà tí ètò Linux ń gbà bẹ kernel tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti Windows. Nínú irinṣẹ́ ọdún 2016 yẹn, ìyẹn WSL (Windows Subsystem for Linux) àkọ́kọ́, Microsoft fi ògbufọ̀ sáàárín: ètò Linux á béèrè ní èdè tirẹ̀, Windows á túmọ̀ rẹ̀, á sì ṣe é. Kò sí kernel Linux níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni, mo sì gbóríyìn fún àwọn tó ṣe é. Àmọ́ Linux kì í dúró lójú kan. Ohun tí ògbufọ̀ kò bá tíì mọ̀, ètò tó nílò rẹ̀ á kùnà. Docker, irinṣẹ́ tó ń di ètò sínú àpótí, wà lára àwọn tí kò rọrùn fún un. Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, náà ń wọ́ bó bá fẹ́ ṣí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, wọ́n kéde WSL 2, wọ́n sì pa ìtumọ̀ tì. Kernel Linux gidi ni wọ́n gbé wọlé, wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ àfarawé fífúyẹ́ kan tó ń tàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Microsoft ní ó lè yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po 20 tó bá ń tú àkópọ̀ fáìlì.

Ó ní ohun tó ń gbà. Fáìlì tó bá wà lápá Windows gbọ́dọ̀ la ààlà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ Linux, ibẹ̀ ló ti ń fà. Nítorí náà, ẹ fi iṣẹ́ yín sínú fódà Linux fúnra rẹ̀. Lórí Windows 11, WSL 2 lè gba ìdajì mẹ́mọ́rì tí ẹ kò bá fi fáìlì .wslconfig dín in kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní láptọ́ọ̀pù 8GB kan ṣoṣo á mọ̀ ọ́n lára.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Microsoft ṣí kóòdù WSL sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Lxcore.sys, ibi tí ògbufọ̀ ọjọ́sí wà, nìkan kọ́ ló ṣẹ́kù tí wọn kò ṣí, ṣùgbọ́n òun ló dùn mí jù. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń kọ́ kernel, ó sì yẹ kí wọ́n ṣí òun náà.