Ìlu: Ìtumọ̀ àti Ìpìlẹ̀ Orúkọ Irinṣẹ́ Kan

Bí ọ̀gá onílù kan bá jókòó láti tún ìlù rẹ̀ ṣe ní Ayétẹ̀, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá, a lè fi gbólóhùn kan ròyìn iṣẹ́ rẹ̀: Onílù fi ìlu lu awọ ìlù ní ìlú Ayétẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, "ilu" mẹ́ta ni òǹkàwé yóò bá pàdé níbẹ̀. Ìlù àti ìlú kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ìlu ni ó rọrùn láti sọnù láàrin wọn.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni ìlu, igi ni a fi ń ṣe èkù rẹ̀, ihò ni a sì fi ń dá sí ara nǹkan. Aránbàtà a máa fi lu awọ kí abẹ́rẹ́ àti òwú lè rí ọ̀nà gbà. Ẹni tí ó ń tún igbá ṣe a máa fi lu ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí igbá ti là, kí ó tó rán an. Onílù a máa fi lu awọ kí ọsán lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe "lu", olóhùn àárín, tí ó túmọ̀ sí kí a dá ihò sí nǹkan, ni ìpìlẹ̀ orúkọ náà. Òun náà ni ó wà nínú "lujá", tí a ń lò fún ihò tí ó gba apá kan wọlé tí ó sì yọ sí apá kejì. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì-" ni a fi kún un, gẹ́gẹ́ bí a ti fi kún "kọ́" tí ó di "ìkọ́", àti "dérí" tí ó di "ìdérí". Lọ́nà kan náà ni "lù", olóhùn ìsàlẹ̀, ṣe di "ìlù".

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì a máa dún bákan náà bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ wọn, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ "lù" a máa di ohùn àárín níbẹ̀. "Ó lu awọ" lè túmọ̀ sí pé ó fi ọwọ́ tàbí igi nà án. Ó sì lè túmọ̀ sí pé ó dá ihò sí i. Bí arọ́pò-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀, ìyàtọ̀ náà a padà: "ó lù ú" yàtọ̀ sí "ó lu ú". Ọ̀rọ̀-orúkọ pàápàá pa ìyàtọ̀ yìí mọ́: ohun tí a ń lù ni ìlù, ohun tí a fi ń lu nǹkan ni ìlu.

Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kì í fi àmì sórí ohùn àárín. Nítorí náà, àìsí àmì lórí "u" ìkẹyìn gan-an ni ó ń dá ìlu mọ̀. Ẹni tí ó bá fi àmì sílẹ̀ pátápátá ti sọ irinṣẹ́ náà di ìlú lójú òǹkàwé.

Àwọn olùkọ́ a máa to ìlú, ìlù àti ìlu sójú pátákó láti fi kọ́ni ní ohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ó ti tọ́, síbẹ̀ kí ó má tíì fojú kan ìlu rí, pàápàá níbi tí dírílì ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Bí olùkọ́ bá yá ìlu kan lọ́wọ́ aránbàtà àdúgbò, tí ó sì fi lu awọ lójú wọn, ọ̀rọ̀ náà yóò ju àpẹẹrẹ ohùn lásán lọ.