Òfin Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọdé ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Ìrọ̀lẹ́ ni eré ọmọdé máa ń dùn. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò la Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù kọjá, bí ó bá sì yà wọ inú ìlú, kò ní í ṣòro fún un láti bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n gbé ń gbá bọ́ọ̀lù. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù rọ́bà kan láàárín, eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àgbà tí ń kọjá lọ a máa rò pé ariwo lásán ni, àti pé eré tí kò ní rẹfirí kò lè ní òfin. Èrò yìí kò tọ̀nà. Òfin ń bẹ nínú eré náà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìwé tí a kọ òfin náà sí.

Pípín ni òfin àkọ́kọ́. Ọmọ méjì tí a mọ̀ pé agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni í jẹ́ ọ̀gá, a kì í sì í fi àwọn méjèèjì sí apá kan náà. Bí ọ̀gá kan bá mú ẹnì kan, èkejì a mú tirẹ̀, títí yóò fi kan ẹni tí ó kéré jù lọ. Bí ó bá ṣẹ́ ku ẹyọ ọmọ kan, apá tí kò lágbára tó ni wọn yóò fi í kún. Òye tí ó wà nínú èyí kì í ṣe tuntun láàárín Yorùbá. Nínú ìjàkadì àtijọ́ pẹ̀lú, ẹgbẹ́ ẹni ni à ń bá jà, nítorí pé kò sí ìyìn kankan nínú kí géńdé dá ọmọ kékeré.

Bí ọmọ bá pọ̀ ju ohun tí pápá gbà lọ, wọn a pín ara wọn sí sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Sẹ́ẹ̀tì tí a bá jẹ góòlù iye tí wọ́n ti fi ẹnu kò sí yóò jáde, èyí tí ó ń dúró a sì wọlé. Wọn kò ní aago, ṣùgbọ́n òfin yìí tó aago, nítorí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró pẹ́ jù.

Ilé bọ́ọ̀lù wọn kéré. Mọ́ńkì póòsì ni wọ́n ń pè é. Èdè òyìnbó ni wọ́n ti yá orúkọ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti yá sẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ohun àyálò. Nítorí pé ilé náà kéré, kò sí aṣọ́lé tí yóò dúró síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Nítorí pé òkúta kò ní igi àgbékọ́ lókè, bọ́ọ̀lù tí ó bá fò ga jù kì í ṣe góòlù. Nítorí pé kò sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ìlà, wọn kò lo òfin ọ́fúsáìdì. Kò sí ọ̀kan nínú òfin wọ̀nyí tí kò ní ìdí.

Ti ẹni tí ó ni bọ́ọ̀lù ńkọ́? Bí ó bá bínú gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sílé, eré parí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbà fún un díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́ di àṣà, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹlòmíràn yóò rí bọ́ọ̀lù rà, a kò sì ní í pe olúwa rẹ̀ sí eré mọ́. Òun náà mọ èyí, kì í sì í ṣe àṣejù.

Nígbà tí àwọn ọmọ Ìníṣà bá lọ bá àwọn ọmọ Òkukù ṣeré, ọ̀rọ̀ a di méjì. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ni àwọn kan fi ń ju bọ́ọ̀lù tí ó jáde padà, kí ó jẹ́ ẹsẹ̀ ni àwọn kejì fi ń gbá a wọlé. Bí wọn kò bá kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́, ìjà ni yóò parí rẹ̀. Irú ìṣòro yìí gan-an ni ó bí òfin tí gbogbo ayé ń lò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1848, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge gbìyànjú láti so òfin wọ̀nyí pọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1863, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ọdún náà sì tó parí, wọ́n ti fi ẹnu kò sórí òfin kan. Láti ọdún 1886 ni ìgbìmọ̀ kan ti ń bójú tó òfin bọ́ọ̀lù. Mẹ́tàdínlógún ni òfin náà lónìí.

Òfin ńlá yìí, àgbàlagbà ni a ṣe é fún. Ó ní kí ènìyàn mọ́kànlá wà ní apá kọ̀ọ̀kan, kí eré gba ìṣẹ́jú 90, kí gígùn pápá má dín ní mítà 90, kí fífẹ̀ ilé bọ́ọ̀lù sì jẹ́ mítà 7.32. Bí a bá fi ọmọ ọdún mẹ́jọ sí irú pápá bẹ́ẹ̀, yóò sáré títí, kò sì ní í fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù tó ìgbà márùn-ún. Àwọn tí ó ni òfin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé kí a dín pápá, bọ́ọ̀lù, ilé bọ́ọ̀lù àti àkókò kù fún àwọn ọmọdé. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2017, mẹ́rin sí mẹ́rin ni àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ ń gbá, láìsí aṣọ́lé. Ohun tí ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ di òfin níbẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí àwọn ọmọ ń fi òkúta mẹ́rin ṣe ní Òkukù.

Èyí kò wí pé kí àgbà ká ọwọ́ gbera. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ewu wà tí ọmọdé kì í rí. Ilé bọ́ọ̀lù onírin tí a kò rì mọ́lẹ̀ lè wó lu ọmọ tí ó bá rọ̀ mọ́ ọn. Bí àrá bá ń sán, kí gbogbo wọn kúrò ní pápá. Bọ́ọ̀lù tí ó bá yí bọ́ sí ojú títì kì í ṣe ohun tí ọmọ ń sáré tẹ̀ lé. Nípa fífi orí kan bọ́ọ̀lù, láti ìparí ọdún 2015 ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti sọ pé kí ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ má ṣe é mọ́, nítorí ọpọlọ. Ọ̀ràn kan sì tún wà tí òfin àwọn ọmọ kò yanjú: ẹni tí wọ́n mú gbẹ̀yìn lónìí ni wọn yóò mú gbẹ̀yìn lọ́la, wọ́n sì lè má mú ọmọbìnrin rárá. Níhìn-ín ni olùkọ́ wúlò, kí ó rí i pé gbogbo wọn ni ó ń dé inú eré.

Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ńkọ́? Yóò fọn fèrè, yóò ṣa mọ́kànlá tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú ogójì ọmọ, àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù yóò sì di òǹwòran. Òfin wá pé pérépéré nínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ kí ó ṣeré ti dín kù. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn ọmọ kò ní í pàdé fi ohùn ṣọ̀kan mọ́. Ẹnu olùkọ́ ni wọn yóò máa wò nígbà tí aáwọ̀ bá dé. Ọmọ tí ó ti kọ́ láti gbà pé òun jẹ̀bi níbi tí kò sí rẹfirí ti kọ́ ohun tí yóò wúlò fún un ní ìgbìmọ̀ ìlú.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣètò bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ tó fi kún òfin wọn tàbí kí ó tó yọ nínú rẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pè wọ́n jọ, kí ó sì bi wọ́n pé: kí ni ẹ ti fi ẹnu kò sí?