Bí A Ṣe Ń Tú Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Dàrú

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó níbí, ọmọ iléèwé kan fi lẹ́tà mẹ́ta dán méjì nínú wa wò: J, A, Ọ. Ọ̀kan ní “ọjà” ni, èkejì ní “àjọ” ni. Ni iyàn bá dé.

Irú eré yìí ni Martin Naydel dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1954, tí wọ́n ń pè ní Jumble nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́. Wọ́n á da lẹ́tà ọ̀rọ̀ mẹ́rin rú. Bí a bá tò wọ́n tán, a ó ṣa àwọn lẹ́tà tó bọ́ sínú òbìrìkìtì, a ó fi dáhùn ìbéèrè abẹ́ àwòrán. Ìdáhùn ọ̀hún á máa fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Ọgbọ́n rẹ̀ nìyí. Ẹ kọ́kọ́ tú èyí tó kúrú. Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi J parí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwòrán, kí ẹ sì ka ìbéèrè dáadáa. Ìbéèrè ọmọ yẹn ni: “Kí ni à ń dá lóṣooṣù, tí ẹnìkan ń kó?” Àjọ ni! Owó ni, ìpàdé èèyàn náà sì ni.

Kì í ṣe eré òyìnbó nìkan. Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú ń fi owó ẹyọ pa irú àrokò bẹ́ẹ̀: mẹ́fà, pé ọkàn mi fà sí ọ; mẹ́jọ, pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ tú orúkọ àdúgbò wa náà wò: Ẹ̀pẹ́, tẹ̀dó. Àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ ti Ẹ̀pẹ́ dé ní 1862 ló tẹ̀ ẹ́ dó.

Kí ló wá kan ẹgbẹ́ wa níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kọ “igba” sílẹ̀ lásán, ṣé igbá ni, àbí igba náírà, àbí ìgbà kan? Nínú ìwé ìròyìn, àwòrán á là á. Nínú ìwé owó ẹgbẹ́, kò sí àwòrán. Ìjà ló máa ń là á. Nítorí náà, ẹ fi àmì sí i, ẹ kọ iye rẹ̀ ní nọ́ńbà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kà á sókè kí ẹ tó tẹ̀ka.

Ajé á wá o.