Ojú Ọ̀run àti Ojú Ilẹ̀: Èdè tí a fi ń Kéde Òjò fún Ará Èkó



Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí òjò. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ wà, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni àsọtẹ́lẹ̀. Bí ẹni tí a sọ ọ́ fún kò bá lè fi í pinnu ohun tí yóò ṣe, àsọtẹ́lẹ̀ náà ti kùnà, bí ìṣirò rẹ̀ tilẹ̀ tọ̀nà. Ibi tí iṣẹ́ tèmi ti kan òjò nìyẹn.

1. Ìyá aláṣọ

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, mo ya ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Tejuosho, ní Yábàá. Omi ti wọ ìsọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó sì ń sá àwọn aṣọ tí ẹrẹ̀ ti bà jẹ́. Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ kò gbọ́ ìkéde orí rédíò ni?"

Ó ní, "Mo gbọ́, ọ̀gá. Wọ́n ní òjò yóò rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Èwo ni kí n kó ẹrù sókè fún nínú gbogbo rẹ̀?"

N kò rí èsì fún un. Ìkéde náà kò purọ́. Òjò rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ irú òjò tí ó ń bọ̀, kò sì sọ irú ilẹ̀ tí òjò náà yóò bá. Ohun méjì wọ̀nyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí.

2. Irú òjò tí ó ń bọ̀

Òjò tí ó ń rọ̀ sí Èkó lọ́dún a máa ju 1,500 mílímítà lọ, oṣù Kẹfà ni ó sì sábà máa ń pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń jìjàdù lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń bọ̀ láti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó kún fún omi. Èkejì ni ọyẹ́, tí ó ń ti aginjù Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, ó gbẹ, ó sì kún fún eruku. Ààlà tí wọ́n ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Ní oṣù Kìn-ín-ní, kò jìnnà sí etí òkun wa. Ní oṣù Kẹjọ, ó ti gòkè dé etí aginjù, tí òjò Èkó a tilẹ̀ fi sinmi díẹ̀.

Nígbà tí ààlà yìí bá ń gòkè, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti nígbà tí ó bá ń padà bọ̀, ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, ìjì ni ó sábà máa ń gbé òjò wá. Àwọsánmà dúdú yóò tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti ìlà-oòrùn, ẹ̀fúùfù yóò ṣáájú, mànàmáná yóò máa kọ, yìnyín pàápàá a sì máa bá a wá nígbà mìíràn. Ọ̀wààrà nìyẹn: ó le, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. R. A. Hamilton àti J. W. Archbold ti ṣàlàyé irú ìjì bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1945 lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà. Ó ń rìn ní nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Láti Benin sí Èkó tó nǹkan bí 250 kìlómítà bí a bá wọ̀n ọ́n tààrà. Nítorí náà, ìjì tí ó bá kọjá ní Benin ní agogo méjìlá ọ̀sán lè dé Mùṣín ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bí kò bá tú ká lójú ọ̀nà. Àwọn sátẹ́láìtì ń rí i bí ó ti ń bọ̀. Wákàtí márùn-ún sì tó fún ẹni tí ó ní ìsọ̀ láti kó ẹrù rẹ̀ sókè.

Òjò oṣù Kẹfà àti oṣù Keje yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ni ó ń gbé e wá. Ẹ̀fúùfù rẹ̀ kì í sábà le, ṣùgbọ́n ó lè rọ̀ mọ́jú, kí ó tún rọ̀ di ọ̀sán. Àrọ̀ọ̀dá nìyẹn. Òjò tí ó rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, 2011, sọ ìgboro Èkó di odò, ẹ̀mí sì ṣòfò. Irú òjò báyìí ṣòro láti tọpa ju ìjì lọ, nítorí kì í tò wá láti ọ̀nà jíjìn.

Yorùbá ní ọ̀wààrà, ó ní àrọ̀ọ̀dá, ó ní òjò àkọ́rọ̀, ó ní àrọ̀kúrò, ó ní òjò wẹliwẹli. Ìkéde tí ó bá kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ "òjò" ti sọ ìmọ̀ nù.

3. Ohun tí àwọn ará orí òkè mọ̀

Ẹ jẹ́ kí á kúrò ní Èkó díẹ̀, kí á lọ sí ilẹ̀ òtútù, níbi tí àìbìkítà sí ipò ilẹ̀ ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pàdé ohun funfun tí ó ń bọ́ láti ọ̀run ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, "òjò dídì" ni wọ́n pè é. Orúkọ náà bá a mu, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Òjò tiwa rọ̀, ó ṣàn lọ. Òjò dídì rọ̀, ó dúró. Ti òní ń gorí ti oṣù tí ó kọjá.

Ní àwọn òkè Alps, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀ kí wọ́n lè yọ̀ láti orí òkè wá sísàlẹ̀, ẹ̀mí wà nínú bí àwọn ìpele yìí ṣe gun ara wọn. Bí ìpele ìsàlẹ̀ bá dì mọ́ra dáadáa, ewu tuntun tí ó bọ́ lé e lórí a máa dín kù. Bí ìpele ìsàlẹ̀ bá rí hóró-hóró bíi ṣúgà, ìwọ̀n kan náà lè ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì bo abúlé. Ní ìgbà òtútù 1950 sí 1951, irú ìyawálẹ̀ bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn tí ó ju 260 lọ ní Alps. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejì, 1999, ó pa ènìyàn 31 ní abúlé Galtür, ní Austria.

Láti 1945 ni ilé ìwádìí kan ní Davos, ní Switzerland, ti ń gbé ìkéde jáde fún ará ìlú. Ó ń sọ ohun tí ó ń bọ̀ láti òkè, ó sì ń sọ ipò ohun tí ó ti wà nílẹ̀. Láti 1993, ìpele ewu márùn-ún kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Èdè mẹ́rin ni ìkéde Davos fi ń jáde: Jámánì, Faransé, Ítálì àti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti to àwọn gbólóhùn sílẹ̀, wọ́n sì ti fara balẹ̀ túmọ̀ wọn. Bí oníṣẹ́ bá ti ṣa èyí tí ó fẹ́ ní èdè kan, mẹ́ta yòókù ti wà nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

4. Irú ilẹ̀ tí òjò yóò bá

Ọ̀rọ̀ yìí kan Mùṣín àti Sùúrùlérè gan-an. Bí òjò 50 mílímítà bá rọ̀ ní oṣù Kẹta, ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò bá. Bí ìwọ̀n kan náà bá rọ̀ ní ìparí oṣù Kẹfà, yóò bá ilẹ̀ tí ó ti mu àmuyó, gọ́tà tí pàǹtírí àti ọ̀rá ti dí, àti ọ̀sà tí ó ti kún. Ohun ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Ọ̀sà ni omi inú kánáàlì wa ń wá lọ. Bí òkun bá ru, tí ọ̀sà sì kún, ẹnu kánáàlì yóò sé láìsí pàǹtírí kankan níbẹ̀, omi yóò sì padà wọ ilé onílé. Bẹ́ẹ̀ ni òṣùpá àti oòrùn ni ó ń mú òkun kún tí ó sì ń fà, a lè ṣírò àkókò rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú.

Ìbàdàn rí irú ẹ̀kọ́ yìí ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tí ènìyàn tí ó ju igba lọ sì ṣègbé. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé etí odò àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ ti dí ọ̀nà omi tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé kò sì lè kọ ohun tí a kò sọ fún un.

5. Iṣẹ́ tí ó kàn wá

NiMet, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003, ni ó ń bójú tó àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà. Ó ti gbìyànjú láti gbé àsọtẹ́lẹ̀ ọdọọdún rẹ̀ sí èdè Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, ó sì yẹ ní ìyìn. Àsọtẹ́lẹ̀ ọdọọdún dára fún àgbẹ̀. Ti wákàtí márùn-ún ni ìyá aláṣọ nílò. Ohun tí mo ń dábàá ni pé kí ẹ̀ka èdè ní àwọn yunifásítì wa jókòó ti àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́, kí wọ́n to gbólóhùn sílẹ̀ bíi ti Davos, ní Yorùbá, Ògù, Haúsá àti Ìgbò. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè lọ báyìí:

"Ó dájú pé ọ̀wààrà ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn. Yóò dé Mùṣín àti Yábàá láàrin agogo mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ti mu àmuyó, ọ̀sà yóò sì kún ní agogo márùn-ún. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ibi tí ó rẹlẹ̀, kí ó kó ẹrù sókè kí agogo mẹ́rin tó lù."

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwa onímọ̀ èdè gan-an. "Ó lè rọ̀," "ó ṣeé ṣe kí ó rọ̀," àti "ó dájú pé yóò rọ̀" kò wúwo bákan náà létí Yorùbá. A gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún, kí a má sì yí i padà. Bí a bá ń sọ "ó dájú" fún ohun tí kò dájú, àwọn ènìyàn kò ní gbọ́ tiwa mọ́ ní ọjọ́ tí ewu bá dé.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ní ṣókí, a ti rí i pé àsọtẹ́lẹ̀ tí ó péye gbọ́dọ̀ wo ojú ọ̀run, kí ó wo ojú ilẹ̀, kí ó sì fi èdè tí kò rúni lójú sọ ohun tí ó rí. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní èyí àkọ́kọ́. Àwọn oníṣẹ́ kánáàlì àti ti ọ̀sà ní èkejì. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ tiwa. Bí òjò oṣù Kẹfà tí ń bọ̀ bá tún bá aṣọ nílẹ̀ ní ìsọ̀ ìyá wa, ẹ jẹ́ kí ó má jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni a kò rí sọ fún un.