Progressive Rock: Orin Tó Kọ̀ Láti Ṣe Kúkúrú

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1969, Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù kún fọ́fọ́. Ọ̀fẹ́ ni Rolling Stones fẹ́ kọrin lọ́jọ́ náà, Brian Jones tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní ìjẹta. Kí àwọn gbajúmọ̀ náà tó jáde, ẹgbẹ́ kan tí kò tíì ní àwo kankan lọ́jà kọ́kọ́ bọ́ sórí pèpéle. King Crimson ni wọ́n ń jẹ́. Gìtá wọn ń bú ramúramù, saksafóònù wọn ń sáré bíi ti àwọn oníjáàsì. Orin tí wọ́n fi kásẹ̀ eré nílẹ̀ kì í ṣe ti rọ́ọ̀kì rárá: Gustav Holst, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ lọ́dún 1914. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, àwo wọn àkọ́kọ́, In the Court of the Crimson King, jáde, ó sì dé ipò karùn-ún lára àwọn àwo tó ń tà jù ní Britain. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé orin ló gbà pé láti ìgbà náà ni progressive rock ti di ẹ̀ka tó dá dúró. Prog ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè é.

Ohùn àwọn ẹgbẹ́ tó ń kọ prog kò jọra. Fèrè ni òmíràn fi ń ṣáájú, ọ́gáànù ni ti òmíràn. Òmíràn ń sọ ìtàn àwọn àǹjọ̀nú, òmíràn kì í sọ̀rọ̀ rárá. Lójú tèmi, ohun kan ló so wọ́n pọ̀: wọ́n gbà pé olórin tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà lẹ́tọ̀ọ́ láti ro èrò rẹ̀ dé òpin, bó ti wù kó pẹ́ tó, kó sì yá ohun tó bá nílò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ yẹn ló ṣì wà nílẹ̀ títí dòní, kódà lọ́dọ̀ àwọn olórin tí kò gbọ́ orúkọ prog rí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà yẹn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Àwo ńlá tí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba orin bí ogún ìṣẹ́jú ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n àwo kékeré olórin oníṣẹ́jú mẹ́ta ni àwọn ọ̀dọ́ ń rà jù. Lẹ́yìn tí Beatles gbé Sgt. Pepper jáde lọ́dún 1967, tó tà bí nǹkan míràn, àwọn ilé-iṣẹ́ orin rí i pé odindi àwo lè di ọjà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì wà nílẹ̀, tí wọ́n fẹ́ orin tí èèyàn lè jókòó gbọ́. Àwọn olórin fúnra wọn kọ́ ẹ̀kọ́: Rick Wakeman tó tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ Yes lọ sí Royal College of Music, àwọn tó dá Genesis sílẹ̀ pàdé ní Charterhouse, ilé-ìwé àwọn ọlọ́lá. Torí èyí ni àwọn kan fi ń sọ pé orin ọmọ olówó ni prog. Ọ̀rọ̀ náà kò gún régé. Jon Anderson tó kọrin fún Yes fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ṣiṣẹ́ oko, ó sì wa ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ̀rọ kan wà tó yẹ ká wò fínnífínní, torí láìsí i, àwo King Crimson yẹn kì bá tí dún bó ṣe dún. Mellotron lorúkọ rẹ̀. Streetly Electronics nítòsí Birmingham ló ń ṣe é. Ó jọ dùùrù lójú, ṣùgbọ́n lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, téèpù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gba ohùn olóhun-èlò gidi sí: fèrè, fáólìn, tàbí ẹgbẹ́ akọrin. Tẹ kọ́kọ́rọ́ náà, téèpù á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, wàá sì gbọ́ fáólìn. Ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́jọ péré ni. Tí o kò bá gbé ìka kúrò, téèpù á tán, ohùn á sì dákẹ́ lójijì. Tí o bá gbé e, sípíríǹgì á fa téèpù padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa yí ìka kiri kí téèpù tó tán, ohùn rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n díẹ̀ bí iná tàbí ojú ọjọ́ bá yí padà. Mike Pinder ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é kó tó mú un wọ orin ẹgbẹ́ rẹ̀, Moody Blues. Ìgbọ̀n díẹ̀ yẹn, tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ lè kà sí àléébù, ni etí ń dá mọ̀ kíákíá nínú orin ìgbà náà.

Ní ti gígùn, ọdún 1972 ni wọ́n dé góńgó. Close to the Edge ti Yes gba odindi ojú àwo kan, bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún ó lé díẹ̀. Supper's Ready ti Genesis kọjá ogún ìṣẹ́jú. Jethro Tull ṣe èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: Thick as a Brick jẹ́ orin kan ṣoṣo láti ojú kìíní dé ojú kejì. Ẹni tó ti gbọ́ àwo Ebenezer Obey tàbí ti King Sunny Adé ní àwọn ọdún yẹn kò ní ya ẹnu pé orin kan gba ojú àwo. Fela náà fi Confusion gba ojú méjèèjì lọ́dún 1975. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fa gígùn yàtọ̀. Ijó ni jùjú àti afrobeat ń gùn fún: ìlù á fìdí múlẹ̀, ara á sì wọ inú rẹ̀. Ìrìn-àjò ni prog ń gùn fún. Wọ́n á pín orin sí apá bíi mẹ́rin tàbí méje, ohùn tí o gbọ́ níbẹ̀rẹ̀ á sì padà wá lápá ìkẹyìn pẹ̀lú aṣọ míràn lọ́rùn. Ẹni tó bá sùn láàárín kò ní mọ ibi tí wọ́n dé.

Iye ìlù náà ń yí padà. Ọ̀pọ̀ orin rọ́ọ̀kì, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń kà á. Money tó wà nínú àwo Pink Floyd, The Dark Side of the Moon, ti oṣù Kẹta ọdún 1973, méje-méje ni. Ohùn owó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é: Roger Waters, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, ń ju owó ẹyọ sínú abọ́ ńlá tí ìyàwó rẹ̀, amọ̀kòkò, fi ń po amọ̀. Wọ́n gba ohùn bébà tí wọ́n ń ya àti ti ẹ̀rọ ìgbowó ilé ìtajà mọ́ ọn. Wọ́n gé téèpù sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba, wọ́n lẹ ohùn méje pọ̀ di òrùka, wọ́n sì jẹ́ kó máa yí ká igi máíkì. Nígbà tí gìtá bá gba orin lọ, ìlù á padà sí mẹ́rin, ara á sì tu àwọn olùgbọ́ pẹ̀ẹ́. Àwo yẹn wà lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 741 láàárín ọdún 1973 sí 1988. Orin tó le lóòótọ́ ni, síbẹ̀ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iye ìlù ń kọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀ka pọ̀. Ní Canterbury, Soft Machine àti Caravan da jáàsì pọ̀ mọ́ ẹ̀fẹ̀. Ní Ítálì, Premiata Forneria Marconi àti Banco del Mutuo Soccorso fi ohùn adùn ilẹ̀ wọn sí i. Ní Faransé, Christian Vander ti ẹgbẹ́ Magma hùmọ̀ odindi èdè kan, Kobaïan, fún ìtàn àwọn èèyàn tó fi ayé sílẹ̀ lọ tẹ̀dó sórí pílánẹ́ẹ̀tì míràn.

Ti Jámánì ni mo fẹ́ràn jù. Holger Czukay àti Irmin Schmidt ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Karlheinz Stockhausen, gbajúmọ̀ olórin Jámánì, kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ Can sílẹ̀ ní Cologne. Lọ́dún 1970, wọ́n rí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Japan kan, Damo Suzuki, tó ń kọrin ní ìta ní Munich. Wọ́n ní kó wá bá àwọn kọrin lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó sì lọ. Kò sí ìdánrawò kankan. Jaki Liebezeit, onílù wọn, lè lu ohun kan náà fún wákàtí láìyẹsẹ̀, Czukay á sì gé téèpù rẹ̀ di orin lẹ́yìn náà. Kraftwerk ti Düsseldorf jáde láti inú agbo kan náà. Nígbà tí Afrika Bambaataa ṣe Planet Rock ní New York lọ́dún 1982, orin Kraftwerk ló mú ṣe ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ hip-hop àti orin ijó orí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló gbà kọjá.

Àwòrán ara àwo náà di apá kan orin. Ẹni tó yàwòrán àwọn erékùṣù tó ń léfòó fún Yes ni Roger Dean. Ṣùgbọ́n kó tó ṣiṣẹ́ fún Yes, òun ló ya erin oníyẹ̀ẹ́ tó wà lára àwo àkọ́kọ́ Osibisa lọ́dún 1971, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Ghana, àwọn ọmọ Caribbean àti Lasisi Amao, ọmọ Nàìjíríà, dá pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tí bàbá yín fi àwo yẹn sílé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Àṣejù wọ ọ̀rọ̀ náà. Yes gbé Tales from Topographic Oceans jáde lọ́dún 1973, orin mẹ́rin lórí ojú àwo mẹ́rin; Wakeman tó tẹ dùùrù inú rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Emerson, Lake & Palmer kó ẹgbẹ́ olóhun-èlò bí àádọ́rin kiri Amẹ́ríkà lọ́dún 1977 títí owó fi tán. Ọdún náà ni punk gbòde, Johnny Rotten ti Sex Pistols sì ti wọ ẹ̀wù tó kọ ọ́ sí pé òun kórìíra Pink Floyd. Àwọn oníròyìn ní prog ti kú. Nígbà tí wọ́n pe Rotten yìí kan náà sí rédíò Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún yẹn kó wá yan orin tó wù ú, orin Peter Hammill ti Van der Graaf Generator, ògbólógbòó oníprog, wà lára ohun tó mú dání.

Okùn kan wà tó gba Èkó kọjá. Brian Eno, tó ti wà nínú Roxy Music, mú ẹgbẹ́ Talking Heads ti New York gbọ́ àwo Afrodisiac ti Fela. Inú rẹ̀ ni àwo wọn, Remain in Light, ti jáde lọ́dún 1980. Adrian Belew ta gìtá nínú àwo yẹn, lọ́dún kejì ó wọ King Crimson, wọ́n sì ṣe Discipline. Kì í ṣe afrobeat. Robert Fripp, onígìtá King Crimson, tún ń gbọ́ orin agogo ilẹ̀ Bali lákòókò náà. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí gìtá méjì ṣe ń yí po ara wọn níbẹ̀: wọ́n bẹ̀rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan fo ohùn kan, wọ́n pínyà, wọ́n sì tún bá ara wọn pàdé níwájú. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí gúdúgúdú, kẹríkẹrì àti ìyáàlù ṣe ń dá lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìdàrú, etí rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ginger Baker, tó sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Èkó, tó bá Fela lùlù, tó sì kọ́ sítúdíò síbẹ̀, náà padà lu ìlù fún ẹgbẹ́ Hawkwind lọ́dún 1980.

Lẹ́yìn ìyẹn, prog tàn ká lábẹ́ orúkọ míràn. Rush ti Kánádà ti fi 2112 hàn lọ́dún 1976 pé rọ́ọ̀kì líle lè gbé ìtàn gígùn. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Berklee ní Boston lọ́dún 1985 ló dá ohun tó di Dream Theater sílẹ̀, Tool àti Opeth sì gba ọ̀nà tiwọn. Nobuo Uematsu, tó fẹ́ràn Keith Emerson ti Emerson, Lake àti Palmer, fi orin onípele púpọ̀ parí géèmù Final Fantasy VI lọ́dún 1994. Àìmọye ọmọdé ló gbọ́ prog láìmọ̀. Kanye West gé ohùn King Crimson sínú Power lọ́dún 2010.

Kódà bí olórin ṣe ń rí owó ṣiṣẹ́ lónìí kan àwọn oníprog. Lọ́dún 1997, ẹgbẹ́ Marillion kò lówó tó lè gbé wọn dé Amẹ́ríkà. Àwọn olólùfẹ́ wọn níbẹ̀ dá nǹkan bí $60,000 jọ látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún àwo wọn ti ọdún 2001, èèyàn tó lé ní 12,000 sanwó sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á sórí téèpù. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Kickstarter, ìkànnì tí wọ́n fi ń dáwó jọ, tó dé.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ látorí Tales. Kó gbé The Dark Side of the Moon sí etí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìfo orin kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, Close to the Edge, lẹ́ẹ̀mejì, torí ìgbà kejì ni èèyàn ń mọ ohun tó padà wá. Tó bá jẹ́ ìlù ló fẹ́ràn jù, kó fo gbogbo rẹ̀, kó lọ tààrà sí Tago Mago ti Can.