Ogun Tí Kò Ní Oníṣègùn

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ni yóò mú idà, èwo ni yóò sì mú oògùn? Ìbéèrè yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń hun eré orí kọ̀ǹpútà, ó sì yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà nídìí iṣẹ́ náà nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà, fetí sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí, ẹ jẹ́ ká là á yé yín. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdé, tí olúkúlùkù ń gbé àwọ̀ akọni kan wọ̀, tí wọ́n sì jọ ń dojú kọ ọ̀tá. Nínú EverQuest tó jáde lọ́dún 1999 àti World of Warcraft tó jáde lọ́dún 2004, ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ pín sí: ẹnì kan ń fi àyà gba ọfà, àwọn kan ń pa ọ̀tá, ẹnì kan sì ń wo ẹni tó gbọgbẹ́ sàn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé bí oníṣègùn kò bá tíì dé, ogun kò ní gbérasọ. Bí wọ́n bá sì ṣẹ́gun ẹgbẹ́ náà, òun ni wọ́n máa ń bú.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ ArenaNet ti Amẹ́ríkà gbé Guild Wars 2 jáde. Oríṣi akọni mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ìwòsàn nìkan jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Olúkúlùkù ló ní oògùn tirẹ̀ lápò, ẹnikẹ́ni ló sì lè bẹ̀rẹ̀ kó gbé ẹni tó ṣubú dìde. Ètò tó dára ni, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nígbà tí ìtọ́jú di iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ kò kà á sí mọ́. Ohun ìjà tó ń yára pani ni wọ́n ń lé kiri. Lọ́dún 2015, nígbà tí ArenaNet fi Heart of Thorns kún eré náà, wọ́n dá Druid sílẹ̀, ẹni tó mọ ìwòsàn dunjú. Oníṣègùn tí wọ́n lé lọ, àwọn náà ló tún pè é padà.

Kí ló kan Accra níbẹ̀? Lọ́dún 2009, Eyram Tawia ọmọ Gánà àti Wesley Kirinya ọmọ Kẹ́ńyà dá ilé-iṣẹ́ Leti Arts sílẹ̀ ní Accra àti Nairobi. Wọ́n gbé Ananse, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn Akan, wọ inú eré wọn, Africa's Legends. Kò sí àní-àní pé ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ká iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ hun eré alájọṣe lọ́la, ì báà jẹ́ ní Accra tàbí l'Ékòó, yóò ní láti dáhùn: ta ni yóò máa wo ọgbẹ́?

Láyé ogun ilẹ̀ Yorùbá, jagunjagun a máa so oògùn mọ́ ẹ̀wù, síbẹ̀ a kò tìtorí ìyẹn sọ pé adáhunṣe kò wúlò. Kí olúkúlùkù ní oògùn díẹ̀ lápò, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa oníṣègùn rẹ́. Ẹ kúkú bu ọlá fún un, kí ẹ sì má jẹ́ kó dá ẹrù gbogbo ẹgbẹ́ rù.