Akọni Orí Amóhùnmáwòrán àti Akọni Ìlú Libreville

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ẹni tí ó bá ti rí bí igi ńlá ti í wó yóò mọ̀ pé òwe náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Síbẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé wa, inú eré ọmọdé ni ọ̀rọ̀ wa ti òní ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu.

Ní ọjọ́ 15 oṣù September ọdún 1990 ni eré kàtúùnù kan tí à ń pè ní Captain Planet and the Planeteers kọ́kọ́ jáde lórí amóhùnmáwòrán ní Amẹ́ríkà. Ted Turner, ọlọ́rọ̀ tí ó ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán, àti Barbara Pyle ni wọ́n pilẹ̀ rẹ̀. Nínú ìtàn náà, Gaia, tí í ṣe ẹ̀mí ilẹ̀ ayé, jí lójú oorun, ó rí i pé ọmọ aráyé ti ba ilé tí wọ́n ń gbé jẹ́, ó sì fún àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún ní òrùka márùn-ún. Kwame láti Áfíríkà gba òrùka ilẹ̀. Wheeler láti Amẹ́ríkà ti Àríwá gba ti iná. Linka láti ilẹ̀ Soviet gba ti afẹ́fẹ́. Gi láti Éṣíà gba ti omi. Ma-Ti láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù sì gba ti ọkàn. Bí ọ̀ràn bá ju agbára wọn lọ, wọn a pa òrùka pọ̀, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Nígbà náà ni akọni kan, tí ara rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run tí irun rẹ̀ sì dà bí ewé tútù, yóò yọ jáde, yóò na àwọn ọ̀daràn, yóò dá àpárá, yóò sì sọ fún àwọn ọmọdé tí ń wò ó pé ọwọ́ wọn ni agbára wà.

Èmi pẹ̀lú wò ó ní kékeré, mo sì gbà á gbọ́. Nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ ìròyìn ní òkè òkun, mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹjọ́ wọn kò sì burú. Ọ̀daràn kan nínú eré náà, Hoggish Greedly, ní imú bí ti ẹlẹ́dẹ̀. Òmíràn, Verminous Skumm, jọ eku. Wọn a da májèlé sínú odò, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé bíba omi jẹ́ nìkan ni èrè wọn. Ìpín 113 ni eré náà ní kí ó tó parí ní ọdún 1996.

Wàyí o, wọ́n fẹ́ jí akọni náà dìde. Ní ọdún 2016, ìròyìn kàn pé Leonardo DiCaprio, òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀, fẹ́ bá ilé iṣẹ́ Paramount ṣe é ní sinimá. Nínú èyí tí wọ́n gbèrò, akọni náà ti di ẹni àná, òun gan-an ni ó sì ń wá ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ní ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Dynamite gbé ìwé aláwòrán tuntun jáde nípa rẹ̀, David Pepose ni ó kọ ọ́, ó sì fi ojú pàtàkì wo ọ̀rọ̀ náà ju ti àtijọ́ lọ. Ní ọdún kan náà a tún gbọ́ pé Netflix ń pèsè eré kan tí àwọn ènìyàn gidi yóò ṣe, DiCaprio sì tún wà nínú rẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń lé: kí wọ́n bu àwàdà kù, kí eré náà korò díẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn tí ń wò ó nígbà náà ti dàgbà, ayé sì ti gbóná sí i.

Mo fara mọ́ wọn pé ó yẹ kí ó korò. Egbòogi tí yóò wo àìsàn kì í sábà dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó korò ni egbòogi. Bí wọ́n bá kàn fi ẹ̀jẹ̀ àti ìbànújẹ́ rọ́pò àwàdà, tí wọ́n sì fi ọ̀daràn onímú ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, irọ́ àtijọ́ náà ni wọ́n wọ̀ láṣọ dúdú. Irọ́ wo nìyẹn? Pé ẹni tí ń ba ayé jẹ́ kò jọ wá.

BÍ KWAME BÁ Ń GBÉ LIBREVILLE

Eré náà sọ pé Áfíríkà ni Kwame ti wá, bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ni Áfíríkà. Ẹ jẹ́ kí a fún un ní ìlú. Mo yan Libreville, olú-ìlú Gabon. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Ìlú Òmìnira, nítorí pé àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ni a tẹ̀ dó síbẹ̀ ní ọdún 1849. Igbó bo ìdá tí ó ju 85 lọ nínú 100 ilẹ̀ Gabon. Ní ọdún 2002, Ààrẹ Omar Bongo ya igbó ọba 13 sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ilẹ̀ náà lọ. Láti ọdún 2010, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ìtì igi tí a kò tíì là jáde ní orílẹ̀-èdè náà. Níbo ni òrùka ilẹ̀ ìbá tún gbé dára jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ wá wo ohun tí Kwame ìbá rí. Igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kevazingo. Ó ga, ó le, inú rẹ̀ pupa. Àwọn ará abúlé kan kà á sí igi ọlọ́wọ̀, àwọn olówó Éṣíà sì ń fi í ṣe àga àti tábìlì. Ìjọba fi òfin de gígé rẹ̀ ní ọdún 2018. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀ńténà tí ó kún fún igi náà ní èbúté Owendo, lẹ́bàá Libreville. Orúkọ igi mìíràn, okoumé, ni wọ́n kọ sára àwọn kan nínú ìwé ẹrù, kí wọ́n lè kọjá. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé wọn. Kí oṣù April tó parí, a gbọ́ pé kọ̀ńténà 353 ti pòórá níbi tí a kó wọn sí.

Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí a wí pé a rí erin. Kọ̀ńténà 353 kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí ó bọ́ sínú koríko. Ní oṣù May, Ààrẹ Ali Bongo yọ igbákejì rẹ̀ àti mínísítà tí ń bójú tó igbó nípò. Yíyọni nípò kì í ṣe ìdájọ́ ilé ẹjọ́, a kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ni pé kò sí onímú ẹlẹ́dẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ni, òǹtẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù ni, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn tí ó dì wọ́n mú jẹ́ ọmọlúwàbí lójú àwọn ọmọ wọn nílé. Ta ni akọni aláwọ̀ ọ̀run yóò nà?

Ti erin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù June ọdún 2012, Ali Bongo dáná sun eyín erin tí ó ju tọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ ní Libreville, lójú gbogbo ayé. Iná náà dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé láàárín ọdún 2004 sí 2014, erin tí ó tó 25,000 ti ṣègbé nínú igbó ọba Minkébé àti àyíká rẹ̀, lápá àríwá ìlà-oòrùn. Lẹ́sẹ̀ kan náà, àwọn àgbẹ̀ Gabon ń ké pé erin ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn lóko, òfin kò sì jẹ́ kí wọ́n pa á. Ìyá arúgbó tí erin jẹ oko rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru kan, ṣé ọ̀daràn ni bí ó bá gégùn-ún fún erin? Eré àtijọ́ kò ní àyè fún ìyá yìí. Bí èyí tuntun kò bá ní àyè fún un, kò tíì dàgbà.

AKỌNI TÍ KÒ LÈ FÒ

Libreville ní akọni tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Marc Ona Essangui, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Brainforest sílẹ̀. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un ní kékeré, orí àga onítáyà ni ó sì ti ń ṣe ohun gbogbo. Ní ọdún 2006, ìjọba fi òkè Belinga, tí òkúta irin pọ̀ nínú rẹ̀, lé ilé iṣẹ́ CMEC ti ilẹ̀ China lọ́wọ́. Wọ́n gbèrò láti dí odò Ivindo ní Kongou, níbi tí omi ti ń já ṣòòròṣò láti orí àpáta nínú igbó ọba, kí wọ́n lè rí iná mànàmáná lò. Ona àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ìwé àdéhùn náà kàn, wọ́n kà á, wọ́n sì tú u síta kí àwọn ará ìlú lè mọ ohun tí a fi orúkọ wọn bọwọ́ lù. Ní òpin ọdún 2008 wọ́n mú un sí àtìmọ́lé. Ní oṣù January ọdún 2009 wọ́n dá a sílẹ̀. Ní oṣù April ó gba ẹ̀bùn Goldman. Ìjọba dín ilẹ̀ tí wọ́n fún ilé iṣẹ́ náà kù, a kò sì kọ́ ìdídò náà. Ní ọdún 2021, àjọ UNESCO fi igbó Ivindo kún àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ìbá dára kí aṣọ ìtàgé sé níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sé. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ mìíràn, Fortescue ti Ọsirélíà, gba àdéhùn lórí òkè Belinga kan náà, ẹrù òkúta irin àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù December. Ní oṣù August ọdún náà, àwọn ológun ti gba ìjọba, wọ́n sì fi Ona fúnra rẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú àwọn igbákejì olórí ilé aṣòfin àgbà tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ẹni tí ó ti ń lu ìlẹ̀kùn láti ìta ti wọ inú ilé. Ṣé ìṣẹ́gun ni, àbí ìdánwò? Eré tí ó bá lè bi àwọn òǹwòran ní ìbéèrè yìí, láì sáré dá a lóhùn, ni yóò korò bí egbòogi ti í korò.

Àwa ará Nàìjíríà kò sì níláti rìn jìnnà kí a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwòrán. Ken Saro-Wiwa gba ẹ̀bùn Goldman kan náà ní ọdún 1995, nítorí epo tí ó ba ilẹ̀ àti odò àwọn Ogoni jẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù November ọdún náà, ìjọba ológun so òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní Port Harcourt. Ní ọdún kan náà, akọni aláwọ̀ ọ̀run ṣì ń fò kiri lórí amóhùnmáwòrán, ó ṣì ń sọ fún àwọn ọmọdé pé ọwọ́ wọn ni agbára wà.

Nígbà tí àwọn ìyá wa bá ń pa àlọ́ fún wa lálẹ́, wọn kò fi ìkà pa mọ́ fún wa. Ìjàpá jalè, ó purọ́, ó da ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìtìjú a sì bá a kí àlọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n Ìjàpá kì í ṣe àlejò. Àna ẹnìkan ni, ọkọ Yánníbo ni, aládùúgbò gbogbo ẹranko ni. Bí a ti ń rẹ́rìn-ín rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ń wo ara wa lójú. Ọgbọ́n tí ó kù fún àwọn tí ń tún eré náà ṣe nìyẹn: kí wọ́n má wá ọ̀daràn tí ojú rẹ̀ burú jù, kí wọ́n fi ẹni tí a mọ̀ hàn wá.

Kí Kwame tuntun náà wá láti ìlú tí ó ní orúkọ. Kí ó mọ ìwé àdéhùn kà. Kí ó bá ìyá olóko jókòó kí ó tó bá erin sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì di ọjọ́ tí òrùka rẹ̀ kọ̀ tí kò tàn, kí àwọn ọmọ wa tí ń wò ó mọ̀ pé ọkùnrin kan wà ní Libreville tí kò ní òrùka rárá, tí kò sì lè dìde lórí àga rẹ̀, tí a kò fi lè dí odò kan.